Ìtòpọ̀ Kì í Ṣe Àròpọ̀: Ìyàtọ̀ Ìwọ̀n láàrin Àwọn Akótúmọ̀ Èdè C nínú Kíka Fáìlì Oníméjì

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn gbangba pé èdè Yorùbá tó gbangba á sùn lọ́yẹ́ nínú kíkọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára ohun tí àwọn ìwé náà dá lé lórí. Nítorí èyí, olùkọ́ àti atúmọ̀ tí ó bá wọ inú ìmọ̀ yìí ní láti ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ewu kan wà nínú irú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan lè dùn létí, kí ó rọrùn láti pè, kí ó sì bá òfin gírámà mu, síbẹ̀ kí ó máa kọ́ni ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kan pàtó ni àpilẹ̀kọ yìí yóò yẹ̀ wò. Nínú èdè C, struct ni orúkọ ohun tí a fi ń kó oríṣiríṣi dátà jọ sábẹ́ orúkọ kan. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn fún un ní Yorùbá ni “àpapọ̀”. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni olùkọ́ ìṣirò ń pe èsì ìròpọ̀ nọ́ńbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ pé àpapọ̀ ni struct, tí ó sì mọ̀ pé ìwọ̀n àwọn ohun inú rẹ̀ jẹ́ 2, 4, 2, 2 àti 4, yóò rò wọ́n pọ̀, yóò sì rí 14. Bí kọ̀ǹpútà kan bá wá sọ fún un pé 16 ni, tí òmíràn sọ pé 32 ni, yóò gbà pé ẹ̀rọ ni ó ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó ṣìnà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ ni ó ṣì í lọ́nà.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí

Dennis Ritchie ni ó ṣẹ̀dá èdè C ní ilé ìwádìí Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1972. Òun àti Brian Kernighan kọ ìwé tí ó tan èdè náà kálẹ̀ ní 1978. Ní 1989 ni wọ́n fi òfin ìlànà Amẹ́ríkà lélẹ̀ fún un, òfin náà sì di ti gbogbo àgbáyé ní 1990.

Ohun tí ènìyàn bá kọ ní èdè C kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà bí kò ṣe pé a kọ́kọ́ tú u sí èdè ẹ̀rọ. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ń gbà túmọ̀ fún kọ̀ǹpútà. Èkíní ni ti ẹni tí ó ń tú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti ń jáde, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ti máa ń ṣe láàfin tàbí ní kóòtù. “Ògbufọ̀” bá irú èyí mu. Èkejì ni ti ẹni tí ó kó odidi ìwé jọ, tí ó tú u tán pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Èyí ni a pè ní “akótúmọ̀” níhìn-ín, láti ara “kó” àti “túmọ̀”. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń lò fún èdè C. Akótúmọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni ó wà: ilé-iṣẹ́ kan a ṣe tirẹ̀, òmíràn a ṣe tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa wo irú kọ̀ǹpútà tí ó ń túmọ̀ fún.

Fún struct fúnra rẹ̀, “ìtòpọ̀” ni ọ̀rọ̀ tí a dábàá. Ẹni tí ó bá ń to nǹkan ń wo ipò tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, ó ń wo èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, ó sì lè fi àyè sílẹ̀ láàrin wọn. Ẹni tí ó bá ń ro nǹkan pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Ètò” ì bá ṣeé lò, ṣùgbọ́n a ti ń fi “ètò kọ̀ǹpútà” pe odidi iṣẹ́ tí ènìyàn kọ fún ẹ̀rọ láti ṣe. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ìtòpọ̀ ni “ẹ̀ka” rẹ̀. “Fáìlì oníméjì” ni fáìlì tí kò fi lẹ́tà tí ojú ènìyàn lè kà pa dátà mọ́, tí ó jẹ́ pé bí nọ́ńbà ti wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ni ó ṣe wà nínú rẹ̀, báìtì lẹ́yìn báìtì.

3. Ìdí tí àlàfo fi ń wà

Ìrántí kọ̀ǹpútà dà bí òpópónà gígùn tí ilé kún inú rẹ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni àdírẹ́sì. Báìtì kan ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í sábà mú báìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì-méjì, mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ó ń kó wọn. Nọ́ńbà tí ó gba báìtì 4 yóò rọrùn láti mú bí àdírẹ́sì tí ó ti bẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí a lè fi 4 pín láìṣẹ́kù: 0, 4, 8, 12 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2, ó lè di dandan fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan kò tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Motorola 68000 kì í gba kí a mú nọ́ńbà onibáìtì 2 láti àdírẹ́sì tí kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ńṣe ni yóò dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni SPARC máa ń dá ètò tí ó bá rú irú òfin yìí dúró. Àwọn ọpọlọ Intel tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì rọ̀ díẹ̀: wọn a gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fa ìdádúró.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí ó bá àyè tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń fẹ́ mu yìí ni a pè ní “ìbáyèmu”. Láti lè rí i pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan báyèmu, akótúmọ̀ a máa fi báìtì tí kò ní iṣẹ́ kankan sáàrin ẹ̀ka àti ẹ̀ka. Wọ̀nyí ni “báìtì àlàfo”. Ó tún lè fi wọ́n sí ìparí ìtòpọ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá to ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìtòpọ̀ kan náà tẹ̀ léra, gbogbo wọn yóò báyèmu.

Òfin ìlànà C sọ ohun díẹ̀ lórí èyí, ó sì fi ohun púpọ̀ sílẹ̀. Ó sọ pé àwọn ẹ̀ka gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra bí ẹni tí ó kọ ètò ti tò wọ́n. Ó sọ pé àlàfo kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀ka kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ akótúmọ̀ kọ̀ọ̀kan lé iye àlàfo tí yóò wà láàrin àwọn ẹ̀ka àti ní ìparí. Kò sì sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú báìtì àlàfo. Ohunkóhun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ṣẹ́kù síbẹ̀. Lọ́nà kan náà, òfin kò sọ pé iye báìtì báyìí ni irú dátà tí a ń pè ní long gbọ́dọ̀ jẹ́. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ó má dín ní bíìtì 32.

Kò yẹ kí èyí ya onímọ̀ èdè Yorùbá lẹ́nu. Nínú ìsúnkì, “ra” àti “ẹran” a máa di “rẹran”: lẹ́tà 2 àti lẹ́tà 4 wá di 5, kì í ṣe 6. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò tíì mọ gígùn ohun tí wọ́n jọ dà, àfi bí ó bá mọ òfin tí ó so wọ́n pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìsúnkì ń gé kúrò, akótúmọ̀ sì ń fi kún un.

4. Àpẹẹrẹ kan: orí fáìlì àwòrán BMP

Fáìlì àwòrán tí a mọ̀ sí BMP, tí Windows sọ di gbajúmọ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yanjú. Báìtì 14 ni orí fáìlì náà, ohun márùn-ún ni ó sì wà níbẹ̀. A lè kọ ọ́ ní èdè C báyìí, kí a fi Yorùbá sọ àwọn ẹ̀ka lórúkọ:

struct ori {
    unsigned short ami;
    unsigned long titobi;
    unsigned short ifipamo1;
    unsigned short ifipamo2;
    unsigned long ibere;
};

Àmì ni lẹ́tà B àti M tí ó fi irú fáìlì náà hàn. Títóbi ni iye báìtì tí ó wà nínú odidi fáìlì. Ìfipamọ́ méjèèjì kò ní iṣẹ́, òdo ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí àwòrán gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá fún akótúmọ̀ mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ yìí, tí a sì fi sizeof béèrè ìwọ̀n ìtòpọ̀ náà, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò jáde. Turbo C tí ilé-iṣẹ́ Borland gbé jáde fún DOS ní 1987 kì í fi àlàfo sáàrin ẹ̀ka bí a kò bá sọ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀; yóò dáhùn pé 14. Akótúmọ̀ gcc lórí Linux onibíìtì 32, níbi tí long jẹ́ báìtì 4, yóò fi báìtì àlàfo 2 sí ẹ̀yìn àmì kí títóbi lè bẹ̀rẹ̀ ní 4. Yóò dáhùn pé 16. Gcc kan náà lórí Linux onibíìtì 64, níbi tí long ti di báìtì 8, yóò fi àlàfo 6 sí ẹ̀yìn àmì, yóò sì fi 4 mìíràn ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Yóò dáhùn pé 32. Lórí Windows onibíìtì 64, báìtì 4 ni long ṣì jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe àdéhùn tí akótúmọ̀ àti ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà jọ ń tẹ̀ lé.

5. Bí àṣìkà ti ń wáyé

Ọ̀nà tí ó yá jù láti ka orí fáìlì ni kí a sọ fún fread pé kí ó kó iye báìtì tí ó bá sizeof mu láti inú fáìlì, kí ó dà wọ́n sínú ìtòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí ń fà nígbà tí ìtòpọ̀ bá jẹ́ 16, tí orí fáìlì sì jẹ́ 14.

Ká ní àwòrán náà gba àmì àwọ̀ 100 ní ìbú àti 100 ní òró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 3. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ báìtì 300, gbogbo ìlà yóò sì jẹ́ 30,000. Bí a bá fi orí tí ó jẹ́ 14 àti àlàyé tí ó jẹ́ 40 kún un, odidi fáìlì yóò jẹ́ báìtì 30,054. Bí àwọn báìtì àkọ́kọ́ yóò ṣe rí nìyí, bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo:

0 sí 1: B, M
2 sí 5: 102, 117, 0, 0 (èyí ni 30,054)
6 sí 9: 0, 0, 0, 0
10 sí 13: 54, 0, 0, 0 (ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀)
14 sí 17: 40, 0, 0, 0 (ìwọ̀n àlàyé tí ó tẹ̀ lé orí)

Nínú ìtòpọ̀ tí ó jẹ́ 16, ibi tí báìtì 2 àti 3 bọ́ sí ni àlàfo, wọ́n sì sọnù síbẹ̀. Báìtì 4 sí 7 ni ó wọ inú títóbi, gbogbo wọn sì jẹ́ òdo. Ètò náà yóò gbà pé fáìlì náà kò ní báìtì kankan nínú. Nọ́ńbà 54 yóò bọ́ sínú ìfipamọ́ kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Báìtì 12 sí 15 ni yóò wọ inú ìbẹ̀rẹ̀: 0, 0, 40, 0. Nítorí pé báìtì tí ó kéré jù ni ó ń ṣáájú nínú fáìlì BMP, ìtumọ̀ èyí ni 40 lọ́nà 65,536, tí í ṣe 2,621,440. Ètò náà yóò wá lọ máa wá àwòrán ní báìtì 2,621,440 nínú fáìlì tí kò ju báìtì 30,054 lọ.

Ohun méjì ni ó jẹ́ kí àṣìkà yìí le. Èkíní ni pé fread kò rí àléébù kankan: iye báìtì tí a ní kí ó kó ni ó kó. Èkejì ni pé àmì B àti M wà ní ipò rẹ̀ láìyẹ̀, nítorí òfin C kò gba àlàfo láyè ṣáájú ẹ̀ka kìn-ín-ní. Ẹni tí ó bá fi àmì yẹ fáìlì wò yóò rí i pé ó pé, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Síbẹ̀, láti ẹ̀ka kejì lọ, kò sí ohun tí ó wà ní ipò rẹ̀ mọ́.

Bí ẹni tí ó mọ àkọtọ́ 1974 nìkan bá ń ka ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí rí, bí a bá sọ fún un pé kí ó máa fi iye lẹ́tà pín ọ̀rọ̀. Lẹ́tà 3 ni “ayé” lójú tirẹ̀, ṣùgbọ́n “aiye” ni ó wà nínú ìwé. Yóò mú “aiy”, yóò fi “e” ti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, láti ibẹ̀ lọ sì ni gbogbo ìwé náà yóò ti dàrú. Ìwé kò ní àṣìṣe, àkọtọ́ kò ní àṣìṣe. Àìmọ àkọtọ́ tí a fi kọ ìwé ni ó fa ìdàrúdàpọ̀.

6. Àwọn ọ̀nà àbáyọ

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni láti pàṣẹ fún akótúmọ̀ pé kí ó dín àlàfo kù. Àṣẹ tí a mọ̀ sí #pragma pack ni a ń lò fún èyí. Ìwé ìkéde tí Microsoft ń fi fún àwọn tí ń kọ ètò fún Windows lo ọ̀nà yìí fún orí BMP: ó fi ìbáyèmu mọ sí 2, ìtòpọ̀ sì jẹ́ 14. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò sí nínú òfin ìlànà C. Akótúmọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fojú fò ó dá. Àti pé ẹ̀ka tí kò báyèmu lè dá ètò dúró lórí àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò rọ̀.

Ọ̀nà kejì ni láti lo irú dátà tí ìwọ̀n wọn kò yẹ̀. Òfin C ti 1999 mú uint16_t àti uint32_t wá, tí í ṣe bíìtì 16 àti bíìtì 32 gẹ́lẹ́. Bí a bá fi wọ́n rọ́pò short àti long, ìdáhùn 32 yóò kúrò nílẹ̀. Àlàfo ẹ̀yìn àmì kò ní kúrò; 16 ni a ó ṣì máa rí níbi tí ìbáyèmu bá ti béèrè fún un.

Ọ̀nà kẹta ni ó dájú jù lọ. Kí a ka báìtì 14 sínú ilà báìtì lásán, kí a sì ti ibẹ̀ kó nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jọ fúnra wa. Fún títóbi, báìtì 2, báìtì 3 lọ́nà 256, báìtì 4 lọ́nà 65,536 àti báìtì 5 lọ́nà 16,777,216 ni a ó rò pọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di uint32_t. Ibí yìí gan-an ni àròpọ̀ ti ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọ̀nà yìí kò gbára lé àlàfo, kò gbára lé ìwọ̀n long, kò sì gbára lé bóyá báìtì tí ó tóbi jù ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń fi síwájú, bíi Motorola 68000, tàbí èyí tí ó kéré jù, bíi Intel.

Èyíkéyìí tí a bá yàn nínú méjì àkọ́kọ́, ó tọ́ kí a fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Òfin C ti 2011 mú _Static_assert wá, tí ó lè mú kí akótúmọ̀ kọ̀ láti túmọ̀ ètò bí sizeof kò bá jẹ́ 14. Ó sàn kí iṣẹ́ dúró lójú ẹni tí ó ń kọ ọ́ ju kí ó máa ka òdo sípò 30,054 lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìjíròrò yìí fi hàn ni pé ìwọ̀n ìtòpọ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ìwọ̀n dátà nínú fáìlì. Akótúmọ̀ ni ó ni ti àkọ́kọ́; ẹni tí ó ṣètò irú fáìlì náà ni ó ni ti èkejì. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe déédéé, àkọsẹ̀bá ni tàbí àṣẹ. Àlàyé oníbáìtì 40 tí ó tẹ̀ lé orí BMP jẹ́ ẹ̀rí èyí: gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ni ó báyèmu fúnra wọn nígbà tí long bá jẹ́ báìtì 4, nítorí náà 40 ni lórí Turbo C, 40 náà sì ni lórí gcc onibíìtì 32. Ẹni tí ó bá fi ìyẹn kọ́gbọ́n pé àròpọ̀ ni ìtòpọ̀ yóò kábàámọ̀ ní orí fáìlì kan náà.

Fún olùkọ́ àti atúmọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ gedegbe. Kí “àròpọ̀” àti “àpapọ̀” wà fún èsì ìṣirò. Kí “ìtòpọ̀” wà fún struct. Kí “báìtì àlàfo” sì ní orúkọ tirẹ̀, nítorí ohun tí kò bá ní orúkọ kì í sábà wọ inú ìṣirò akẹ́kọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá wí fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ìwọ̀n ìtòpọ̀ ni ìwọ̀n àwọn ẹ̀ka rẹ̀ àti ti báìtì àlàfo tí akótúmọ̀ fi sí i,” ó ti sọ gbogbo òtítọ́ náà nínú gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó gbọ́ gbólóhùn yẹn yóò mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí òun ní láti bi akótúmọ̀ kí òun tó ṣí fáìlì: àlàfo mélòó ni ó fi sí i, níbo ni ó sì fi wọ́n sí?